Fífi fóònù ya púláànù ilé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó bẹ̀rẹ̀ (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Àbígbẹ̀yìn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ní Òkè-Àró ni mo gbé wá. Yàrá mẹ́rin ni, pálọ̀ ńlá kan, kíṣìnnì tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn, àti bọ́ìsì kọ́tà oníyàrá méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá ti re ibi àgbà ń rè, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìwé àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ilé náà wọlé sí. Orúnkún ti ń yọ Màámi lẹ́nu báyìí. Àwa ọmọ fẹnu kò pé kí á tún ilé náà ṣe fún wọn: kí á ṣí ilẹ̀kùn láti yàrá wọn sí balùwẹ̀, kí á fẹ àwọn ẹnu ọ̀nà, kí á pààrọ̀ táìlì tó ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Kánádà, èkejì wà ní Àbújá. Àwọn ni wọ́n máa gbé owó sílẹ̀, wọ́n sì ní àfi kí àwọn rí púláànù ilé kí àwọn tó mọ ohun tí bíríkìlà ń bèèrè owó lé lórí.

Wọ́n sọ fún mi ní ibi iṣẹ́ pé àwọn fóònù kan wà tó ní LiDAR, pé téèyàn bá ti gbé e rìn yí yàrá ká, púláànù á jáde. Irú fóònù wo ni? Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé gbára lé? Ṣé mínísírì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká á gbà á tí a bá gbé e lọ síbẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo ń bẹ̀ pé kó dá mi lóhùn.

Ọmọ FUTA

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti fóònù, torí ibẹ̀ ni owó wà.

Kì í ṣe gbogbo iPhone ló ní LiDAR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Àwọn tí Pro wà lẹ́yìn orúkọ wọn nìkan ni, láti orí iPhone 12 Pro àti 12 Pro Max tó jáde ní 2020. iPad Pro ti 2020 ló tilẹ̀ ṣáájú wọn. iPhone 13, 14, 15 tàbí 16 tí kò ní Pro kò ní in, bó ti wù kó mọ́ tó. Samsung fi ẹ̀rọ tó jọ ọ́ sí Galaxy Note 10+, S20+ àti S20 Ultra, àmọ́ nígbà tí S21 dé, wọ́n ti yọ ọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ojú dúdú kékeré kan wà láàárín àwọn kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ náà á kan ògiri, á padà, fóònù á sì ka àkókò tó lò. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín nánósẹ́kọ́ǹdì kan. Ògiri tó bá wà ní mítà 5 sí yín, àlọ àti àbọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ǹdì 33 lọ. Mítà 5 yẹn náà ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí náà ẹ ò lè dúró sí ẹnu géètì kí ẹ máa fi ya iwájú ilé.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe wo orúkọ nìkan. Ẹ̀yìn fóònù míì ti fọ́ rí, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, LiDAR rẹ̀ sì lè ti kú. Ẹ ṣí áàpù Measure tó bá fóònù náà wá, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹnì kan tó dúró ṣánṣán, láti orí dé ẹsẹ̀. Tí LiDAR bá ń ṣiṣẹ́, ìlà kan á yọ lókè orí ẹni náà pẹ̀lú gíga rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Fóònù tí kò ní LiDAR kì í ṣe èyí. Ẹ ṣe é níwájú ẹni tó ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n fún ilé kan ṣoṣo, èmi ò ní ra fóònù tuntun. Ẹ yá a lọ́wọ́ ẹnì kan fún ọ̀sán kan.

Onítáìlì Ọ̀bà-Ilé

Fún táìlì, fóònù tó, mo fọwọ́ sọ̀yà. Yàrá tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14 jẹ́ mítà 3.66 sí 4.27, ìyẹn sikuwéà mítà 15.6. Páálí táìlì 60 sí 60 ní mẹ́rin nínú, ó ń bo sikuwéà mítà 1.44. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tí a máa gé àti èyí tó máa fọ́, páálí 12 nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní fóònù fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ohun tó fi lé e kò ju táìlì kan àti ègé díẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí a ti fi kún un á gbé e.

Ohun tí fóònù kì í sọ fún oníbàárà ni èyí: ilẹ̀ tó dagun. Kíṣìnnì tí wọ́n fi kún ilé lẹ́yìn sábà máa ń rẹlẹ̀ ju pálọ̀ lọ, àwòrán á sì fi wọ́n hàn bíi pé wọ́n dọ́gba. Fún màmá tí orúnkún ń dùn, ìdagun yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ fi téèpù wọn gíga gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń gùn tàbí tó ń sọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sórí púláànù.

Akítẹ́ẹ̀tì Alágbàká

Àbígbẹ̀yìn, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Irú ilé báyìí ni mo máa ń fi fóònù yà jù, ilé tó ti pẹ́ tí ìwé rẹ̀ ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ áàpù ló wà: Polycam, magicplan àti àwọn míì. Púpọ̀ nínú wọn ń lo RoomPlan, ohun tí Apple gbé jáde ní 2022 pẹ̀lú iOS 16 (iOS ni ètò tó ń darí iPhone) fún àwọn tó ń ṣe áàpù. Òun ló ń dá ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì mọ̀ yàtọ̀ síra, tó sì ń fa ìlà wọn. Ní 2023, pẹ̀lú iOS 17, wọ́n fi agbára kún un láti so yàrá púpọ̀ pọ̀ di ilé kan. Nítorí náà, kí ẹ rí i pé fóònù tí ẹ yá ti gba iOS 17 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan á wà lọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa fọwọ́ tò wọ́n.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa gbogbo kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fèrèsé tí kọ́tìnnì bò, ògiri ni fóònù máa pè é. Ẹ ti ilẹ̀kùn tó jáde síta, kí fóònù má baà máa ka ọgbà mọ́ yàrá. Díńgí ńlá àti gíláàsì gbalaja ń tàn án jẹ, á rò pé yàrá míì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ fi aṣọ ìbora bò wọ́n. Ohun tó dúdú kirikiri náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kì í dá a padà dáadáa. Ẹ gbé àga àti àpótí kúrò ní igun yàrá, torí igun ni púláànù. Tí fóònù bá rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilẹ̀ dé síìlì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ di fóònù mú ní ọ̀gangan àyà, ẹ máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ máa fi ojú rẹ̀ tẹ̀lé ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti ibi tó ti pàdé síìlì. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ parí sí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ eré. Bí ẹ bá yára, fóònù á ṣìnà, ògiri kan á di méjì tó gun ara wọn. Apple fúnra wọn sọ pé kí yàrá má ju mítà 9 sí 9 lọ, kí èèyàn má sì yà á kọjá ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan, nítorí fóònù á gbóná, bátìrì á sì gbẹ. Nínú ooru Àkúrẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Láti yàrá kan sí èkejì, ẹ má pa áàpù náà. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà kọjá pẹ̀lú fóònù níwájú yín, kí ó lè mọ bí yàrá méjèèjì ṣe tò sí ara wọn.

Ní báyìí, ohun tó ń fa wàhálà jù lọ: fóònù kò rí inú ògiri. Ojú ògiri nìkan ló ń rí. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 jẹ́ mìlímítà 225, ínṣì 6 jẹ́ 150, kí á tó ka rẹ́ńdà (sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri) ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ilé tó bá to yàrá mẹ́rin sórí ìlà kan ní ògiri márùn-ún. Tí ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 25 ni ẹni tó kàn to yàrá pọ̀ láìka ògiri ti sọ nù. Ọ̀pọ̀ áàpù á fi nínípọn kan sí gbogbo ògiri, ṣùgbọ́n àbá ni. Ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù wọn bí ògiri ṣe nípọn tó níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde síta, ẹ wọn gígùn ilé láti igun dé igun. Ẹ wá ṣírò gbogbo yàrá àti gbogbo ògiri tó wà lórí ìlà náà pọ̀. Bí àròpọ̀ yín àti ìwọ̀n ìta bá fi ju sẹ̀ǹtímítà bíi mélòó kan yàtọ̀ síra, ẹ padà lọ wo yàrá tó ń purọ́.

Àbígbẹ̀yìn

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Mi ò mọ̀ rárá pé nínípọn ògiri lè gbé odindi mítà kan lọ. Ẹni tí mo lérò pé mo lè yá fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, alẹ́ ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣé mo lè yà á lálẹ́, nígbà tó jẹ́ pé lésà ló ń lò? Wọn kì í sábà mú iná wá lágbègbè wa lálẹ́.

Ọmọ FUTA

Rárá o. Òótọ́ ni pé lésà ń ríran nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni fóònù fi ń mọ ibi tí ọwọ́ yín gbé e dé. Kámẹ́rà ń wo àmì lára ògiri àti ohun èlò ilé, ó ń fi wọ́n tẹ̀lé ìrìn yín. Nínú òkùnkùn kò rí àmì kankan, ìwọ̀n á sì máa yẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ní ọ̀sán, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, ló dáa jù.

Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé yàrá òfìfo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun máa ń nira ju yàrá tó ní ẹrù lọ. Kò sí ohun tí kámẹ́rà máa dìmú. Ẹ lẹ bébà tàbí kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri níbi mélòó kan, kí wọ́n má jọra.

Ìyá Onílé, Àpatapìtì

Ohun tí Ọmọ FUTA sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nílé mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń fi yàrá háyà fún, ọmọ mi ló sì ń bá mi ya àwọn yàrá náà kí àwọn òbí tó wà lọ́nà jíjìn lè rí ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ìwé ìròyìn ló máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kó tó bẹ̀rẹ̀.

Balùwẹ̀ kékeré ni fóònù kì í ṣe dáadáa. Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6, ibo lèèyàn fẹ́ dúró sí nínú ẹ̀? Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ na fóònù wọlé díẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù wọn ìyókù.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnì kan bá ń gbé nínú bọ́ìsì kọ́tà yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé pẹ̀lú fóònù. Kì í ṣe ògiri nìkan ló ń yà. Ó ń ya bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tó kọ́ síbẹ̀ àti gbogbo ohun tó bá rí. Ẹ ní kó kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe bó ṣe fẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni ayálégbé, ilé rẹ̀ ni ibẹ̀ jẹ́ títí tó fi máa kó jáde.

Awọnlẹ̀ Kan

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ mínísírì, torí mo rí i pé kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìwé méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀. Púláànù sáfeè ń sọ ibi tí ilẹ̀ yín wà lórí ilẹ̀ ayé: píláà (òpó kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀), nọ́ńbà píláà, ìlà tó so píláà kan mọ́ èkejì àti bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Sọ̀fẹ́yọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló lè fọwọ́ sí i, ẹ̀dà rẹ̀ sì ní láti wọ ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Àwòrán ilé ní tirẹ̀ ń sọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà, akítẹ́ẹ̀tì tó ní òǹtẹ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ló ń fọwọ́ sí i. Fóònù yín kò lè ṣe èkíní rárá. GPS inú fóònù lè yẹ̀ ní mítà mélòó kan, mítà mélòó kan sì tó láti gbé fẹ́ǹsì yín sínú ilẹ̀ aládùúgbò. Ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ má fi fóònù bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan.

Èkejì ni fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ni. Akítẹ́ẹ̀tì yín á gbé ohun tí ẹ yà sórí kọ̀ǹpútà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì tún un yà kó tó fọwọ́ sí i. Fún pípààrọ̀ táìlì, kò sí ohun tó kan ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fẹ́ fi yàrá kún ilé tàbí kí ẹ gbé e sókè, ẹ gba ìwé àṣẹ kí búlọ́ọ̀kù kankan tó balẹ̀.

Akítẹ́ẹ̀tì Alágbàká

Mo fara mọ́ ọ̀gá awọnlẹ̀ pátápátá. Kí n fi kan kún un lórí ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ ṣí sí balùwẹ̀ Màámi. Púláànù fóònù kò mọ ògiri tó gbé òrùlé yàtọ̀ sí èyí tó kàn pín yàrá. Kò rí píláà tó wà nínú ògiri, kò rí líńtẹ́ẹ̀lì (kọnkéré tó dábùú orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé), kò rí wáyà, kò rí páìpù. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan fi hámà kan ògiri yẹn nítorí pé àwòrán fi hàn pé ó ṣeé ṣí. Ẹ pe ẹnjiníà kan kó wá wo inú àjà, kó wo bí igi òrùlé ṣe jókòó.

Káfíńtà Ìsìnkàn

Onítáìlì sọ pé fóònù tó. Fún èmi, kò tó. Kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì tí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn jù kò ní wọlé. Mo máa ń gba àwòrán fóònù lọ́wọ́ oníbàárà, mo sì ń dúpẹ́ fún un, torí ó ń jẹ́ kí n mọ ibi tí síńkì wà àti ibi tí fèrèsé wà kí n tó gbéra. Ṣùgbọ́n mi ò ní gé pákó lórí rẹ̀.

Ògiri wa kì í gún láti òkè délẹ̀. Rẹ́ńdà lè nípọn nísàlẹ̀, kó fúyẹ́ lókè. Ìwọ̀n mẹ́ta ni kí ẹ gbà níbi tí wọ́dúróòbù tàbí kọ́bọ́ọ̀dù máa wọ̀: nísàlẹ̀, láàárín, lókè. Èyí tó kéré jù ni ti káfíńtà. Bákan náà, ẹ wọn láti igun dé igun tó kọjú sí i, lọ́nà méjèèjì. Tí méjèèjì bá dọ́gba, tí ògiri tó kọjú síra náà sì dọ́gba, yàrá náà gún. Tí kò bá dọ́gba, ẹ sọ fún wa kí a má baà dé pẹ̀lú pákó tó gún régé sí ibi tí kò gún.

Nípa ẹnu ọ̀nà Màámi: ilẹ̀kùn yàrá sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ti balùwẹ̀ sì máa ń jẹ́ 2 àti ààbọ̀. Fóònù á kọ ihò ilẹ̀kùn fún yín. Ohun tí Màámi máa gbà kọjá gan-an kéré sí i, torí férémù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ náà nípọn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tán pátápátá, ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́ kù. Ẹ má jẹ́ kó dín sí sẹ̀ǹtímítà 80, kó má baà di wàhálà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí kẹ̀kẹ́ arọ kọjá lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ Oǹdó ní Kánádà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí wọ́n ń fi púláànù ránṣẹ́ sí. Àwòrán pẹrẹsẹ nìkan kò tó fún wa. Ó ti pẹ́ tí a ti kúrò nílé, a ò rántí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń yọ mọ́. Ẹ fi ìtọ́ka àríwá sí i, kí ẹ kọ orúkọ tí a ń pe yàrá nílé: yàrá Màámi, yàrá àlejò, ibi tí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ wà. Tí áàpù bá lè gbé àwòrán tó ṣeé yí po jáde, ẹ fi ìyẹn náà ránṣẹ́, nítorí òun ló jẹ́ kí n rí i pé fèrèsé tí wọ́n fẹ́ dí nílé wa ni atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Ẹ fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bíríkìlà ń sọ ẹsẹ̀ bàtà, áàpù ń sọ mítà, onítáìlì ń sọ sẹ̀ǹtímítà, owó ló sì ń bá àríyànjiyàn náà lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.48. Ẹ yan ọ̀kan fún gbogbo ìwé tó máa jáde.

Ẹ má sì gbé líǹkì ilé náà sí gbangba. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ń gbé ohun tí ẹ yà lọ sórí ẹ̀rọ wọn níta, ẹni tó bá sì rí líǹkì náà lè rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà àti fèrèsé tí kò ní irin. Ẹ yọ àwòrán náà ní PDF, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n yín nìkan.

Ọmọ Agboolé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì fẹ́ bèèrè. Agboolé wa ní Àrákàlẹ̀, alámọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Apá kan ti wó lójò. Mo fẹ́ kí á ní àwòrán rẹ̀ kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Ṣé ọ̀nà yìí náà ni?

Ọmọ FUTA

Inú mi dùn pé ẹ bèèrè, torí iṣẹ́ tó yẹ ká máa ṣe kárí ìlú yìí nìyẹn. Gbogbo wa mọ Ààfin Déjì àtijọ́, tó wà lára àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú àwọn àgbàlá rẹ̀ tó pọ̀. Ìyẹn ti ní orúkọ. Àwọn agboolé tí kò ní orúkọ nínú ìwé ìjọba ni òjò ń kó lọ, èyí tí wọ́n bá sì wó láìyà, kò sí ẹni tó máa lè sọ fún ọmọ yín bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe yí àgbàlá po.

Ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. RoomPlan gbà pé ògiri gún, nítorí náà á na ògiri amọ̀ tó tẹ̀ di ìlà tààrà, á sì sọ igun tó rí roboto di igun tó mú. Fún tiyín, ẹ lo èyí tó ń ya gbogbo ojú ohun tó bá rí bó ṣe wà, láìfa ìlà. Scaniverse ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Polycam náà ní irú rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ tóbi, kì í sì í kọ ìwọ̀n fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo wíwọ́ ògiri, ihò àtùpà, òpó gbígbẹ́ àti ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà á wà níbẹ̀. Ẹ gbé téèpù tàbí ọ̀pá tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti máa hàn, kí ẹni tó máa yà á lọ́la lè yẹ ìwọ̀n wò. Ẹ yà á ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí apá kan èyí tẹ́ ẹ ti yà hàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ṣetán, ẹ bá ẹ̀ka Architecture tàbí Surveying ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gidi ni fún akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ẹ sì gbé àgbà kan dání, kó máa sọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń yà á. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù kò lè mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ.

Àbígbẹ̀yìn

Àdúrà ni mo ń gbà fún gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Tí mi ò bá rí iPhone Pro yá, ṣé Android lè ṣe é? Èkejì, báwo ni mo ṣe máa so bọ́ìsì kọ́tà mọ́ ilé lórí púláànù? Ilẹ̀ òfìfo ló wà láàárín wọn.

Onítáìlì Ọ̀bà-Ilé

Ti Android: magicplan àti CubiCasa ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. CubiCasa, ẹ máa rìn yí ilé ká bí ẹni ń ya fídíò, àwọn ni wọ́n máa ya púláànù náà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ padà. Magicplan, ẹ̀yin lẹ máa tọ́ka igun yàrá. Méjèèjì nílò àyẹ̀wò téèpù ju ti LiDAR lọ. Tó bá jẹ́ èmi, màá ra ẹ̀rọ lésà aláfọwọ́mú tí àwa oníṣẹ́ ń lò. Ó rọjú gan-an sí iPhone Pro, mìlímítà 2 ló fi ń yẹ̀. Ẹ̀yin á kàn fọwọ́ ya yàrá sórí bébà, kí ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀.

Awọnlẹ̀ Kan

Bọ́ìsì kọ́tà ńkọ́? Ẹ má fi fóònù rìn kọjá ọgbà ní ọ̀sán gangan. Oòrùn ń pa ìmọ́lẹ̀ lésà kékeré yẹn, fóònù kò sì rí ògiri tó lè dìmú láàárín ilé méjèèjì. Ẹ ya ilé ńlá lọ́tọ̀, ẹ ya bọ́ìsì kọ́tà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá téèpù gígùn, ti mítà 30, àti ẹnì kan tó máa bá yín di orí kejì mú.

Ẹ mú igun méjèèjì ẹ̀yìn ilé ńlá, ẹ pè wọ́n ní A àti B. Ẹ mú igun méjèèjì tó dojú kọ wọ́n lára bọ́ìsì kọ́tà, ẹ pè wọ́n ní D àti E. Ẹ wọn A sí D, B sí D, A sí E, B sí E. Ẹ fa téèpù le kó má rọ̀, ẹ dì í mú ní gíga kan náà ní orí méjèèjì, kí ó má gun òkúta tàbí koríko. Gígùn A sí B ti wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí ẹ wọn ìta ilé. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà wọn, ẹ fún akítẹ́ẹ̀tì yín pẹ̀lú fáìlì méjèèjì. Pẹ̀lú àwọn yẹn nìkan, á gbé bọ́ìsì kọ́tà sí ibi tó wà gan-an, kódà bí kò bá dúró ṣánṣán sí ẹ̀yìn ilé ńlá.